Ọ̀rọ̀ Dé Ṣáájú Òkúta: Sáfírè nínú Ìtàn Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Sáfírè, òkúta olówó iyebíye aláwọ̀ aró tí Bíbélì kà mọ́ àwọn òkúta ìgbàyà olórí àlùfáà, ti wọ inú èdè Yorùbá kí òkúta náà fúnra rẹ̀ tó di ohun tí ọmọ Yorùbá ń fi ṣòwò. Àwọn àlùfáà tó túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú orúkọ rẹ̀ wọlé, Abẹ́òkúta sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibùjókòó iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, títí di òní, ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò sí lára àwọn ibi tí a mọ̀ mọ́ wíwa sáfírè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àpáta ni ìlú náà wà, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá sì ń jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, ojú ló pọ̀ nínú ìtàn òkúta yìí nílẹ̀ Ẹ̀gbá ju ṣọ́bìrì lọ, nítorí pé ìtàn bí àwọn ènìyàn tí wọ́n fẹ́ràn àwọ̀ aró ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ nínú ohun tí wọ́n rà láti ọ̀nà jíjìn ni.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo òkúta tí Ẹ̀gbá ní. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, àti àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti lé kúrò ní ìletò wọn tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ààbò ni wọ́n wá lọ sí abẹ́ Olúmọ, àpáta tó ga tó 137 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Gíránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àpáta agbègbè náà. Gíránáìtì jẹ́ òkúta tó ti yọ́ rí nínú ooru abẹ́ ilẹ̀, tó wá ń tutù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi dì, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Ẹni tó bá mú àfọ́kù rẹ̀ kan lọ́wọ́ yóò rí i pé ohun mẹ́ta ló hàn kedere nínú rẹ̀: kúọ́tìsì, tó mọ́ gbòò bíi gíláàsì, fẹ́dísípà, tó funfun tàbí tó pọ́n ráyí, tó sì ń dán níbi tó bá ti là, àti máíkà, èyí tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn tó ń fi ọwọ́ fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta mọ ara àpáta yìí láìka ìwé kankan. Wọ́n á kó igi tàbí táyà ògbólógbòó jọ sórí rẹ̀, wọ́n á dáná sí i títí ara rẹ̀ yóò fi sán, ọkùnrin á fi ọmọ owú lu ibi tó sán náà títí yóò fi ṣí kúrò, obìnrin á sì jókòó ti òkìtì rẹ̀, á máa fi òòlù kékeré fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé.

Òkúta yìí kan náà ló gbé orúkọ Abẹ́òkúta dé etí òkun ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́ odi sínú omi ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ní 1908, kí iyanrìn má baà máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọkọ̀ òkun, ibi ìfọ́kùúta Arò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú irin kó òkúta lọ. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn ọrọ̀ tó wà lára gíránáìtì, nígbà tó jẹ́ pé kárátì, èyí tí márùn-ún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di gíráàmù kan, ni a fi ń wọn sáfírè.

Ní ti ìṣẹ̀dá, sáfírè jẹ́ ẹ̀yà kan nínú òkúta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní koróńdọ̀mù, èyí tí kò ju alumíníọ̀mù àti ọ́síjìn tó so pọ̀ lọ. Bí kò bá sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, kò ní àwọ̀ rárá. Irin àti títéníọ̀mù bíńtín tó há sínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ aró, bí ó bá sì jẹ́ krómíọ̀mù ló há sí i tó fi pupa, rúbì ni à ń pè é. Níwọ̀n bí alumíníọ̀mù ti kún inú àpáta Abẹ́òkúta, ènìyàn lè béèrè ìdí tí sáfírè kò fi sí nínú rẹ̀. Sílíkà ni kò jẹ́, ìyẹn ohun tí a rí nínú iyanrìn àti kúọ́tìsì. Níbi tí sílíkà bá ti pọ̀, kì í jẹ́ kí alumíníọ̀mù dá dúró; á gbà á mọ́ra, àwọn méjèèjì á sì di fẹ́dísípà tàbí máíkà. Sílíkà gíránáìtì sì pọ̀ débi pé lẹ́yìn tí gbogbo alumíníọ̀mù ti rí ẹni gbà á, èyí tó kù tún dì fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kúọ́tìsì. Ibi tí sílíkà ti ṣọ̀wọ́n ni sáfírè ti ń dì, yálà nínú àwọn òkúta tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ ti yí padà, gẹ́gẹ́ bíi ti Sri Lanka, tàbí ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, níbi tí básáàtì, òkúta dúdú tí òkè oníná ń tú jáde, ti ń gbé e wá sókè bí ìṣàn odò ṣe ń gbé ìtì igi. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní irú òkè oníná bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé Ẹ̀gbá kò mọ ohun iyebíye aláwọ̀ aró kí òyìnbó tó dé ti ṣì í rò. Yàtọ̀ sí aró tí wọ́n ń fi ewé èlú ṣe, èyí tó sọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta di ọjà àdìrẹ tí gbogbo ayé mọ̀, sẹ̀gi wà, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí àwọn ọba, ìjòyè àti ọlọ́rọ̀ ń so mọ́ ọrùn, tó sì jẹ́ ohun tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe sẹ̀gi ní òkúta, ṣùgbọ́n gíláàsì ni, ibi tí ìwádìí sì ti tọ́ka sí fún èyí tó pẹ́ jù nínú rẹ̀ ni Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Igbó Olókun ní Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àwókù ìkòkò tí gíláàsì tó yọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Abidemi Babatunde Babalola, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tún gbẹ́ ibẹ̀, ó sì hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000 jáde pẹ̀lú àwókù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì. Èsì iṣẹ́ náà, tó jáde ní 2017, fi hàn pé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ ọ̀hún gbilẹ̀ níbẹ̀, àti pé àwọn ará Ifẹ̀ ló yọ́ gíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò dúró de gíláàsì tí elòmíràn ti yọ́. Kóbáàtì, ohun àbùdá ilẹ̀ tó ń fún gíláàsì ní àwọ̀ aró kíkún, wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwọn Pọtogí náà bá ìlẹ̀kẹ̀ aró lẹ́nu òwò ní etíkun wa. Duarte Pacheco Pereira, tó kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, mẹ́nu ba ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró olílà pupa kan tí wọ́n ń pè ní kórì, èyí tí wọ́n ń rà ní ìhà odò Forcados tí wọ́n sì ń kó lọ sí Elmina láti fi gba góòlù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tí kórì jẹ́ gan-an: àwọn kan ní gíláàsì ni, àwọn kan ní iyùn ni, àwọn mìíràn sì ní òkúta tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ ni. Àríyànjiyàn náà gùn ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí. Nínú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì Ifẹ̀, a rí èyí tó ní ojú méjì: bí ó bá wà lórí àtẹ́lẹwọ́, aró ni, bí a bá gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, á yí sí àwọ̀ ewé. Ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ kò ní rà á lórí ẹní lásán. Yóò mú un lọ́wọ́, yóò gbé e kọjú sí oòrùn, yóò wo ihò rẹ̀ bóyá okùn ti jẹ ẹ́, yóò sì fi wé èyí tó wà lọ́rùn tirẹ̀. Ìmọ̀ yìí wúlò gan-an ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì láti Venice àti Bohemia ń gba èbúté wọlé ní àpótí àpótí, tí àwọn Masaga, àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní Bídà, náà sì ń yọ́ ògbólógbòó ìgò láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tuntun.

Ìlẹ̀kẹ̀ olókùúta gidi náà wà, ṣùgbọ́n pupa ni, Ìlọrin sì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Làǹtànà ni wọ́n ń pè é. Òkúta pupa líle ni, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi irin ṣá sí ìwọ̀n, tí wọ́n ń lu ní ihò, tí wọ́n sì ń lọ̀ lórí òkúta títí yóò fi dán. Iṣẹ́ náà rẹ̀yìn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún nítorí ayédèrú olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun. Ó fi hàn pé àwọn Yorùbá mọ bí a ti ń lu òkúta líle. Bí sáfírè bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, kò dájú pé irin wọn ìbá ràn án, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kì bá ti kọ̀ ọ́.

Orúkọ ló kọ́kọ́ dé. Ní 1846 ni Henry Townsend àti Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., ibẹ̀ sì ni Crowther ti ṣe apá kan lára iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Thomas King ràn án lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí odidi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Nígbà tí ìtumọ̀ dé orí àwọn òkúta inú ìwé Ẹ́kísódù, Jóòbù àti Ìfihàn, ọ̀nà méjì ló wà níwájú atúmọ̀: kí ó wá ohun tí Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ mọ̀ tó jọ ọ́, tàbí kí ó jẹ́ kí orúkọ àjèjì náà wọlé bó ti rí. Wọ́n yan èkejì, òkúta náà sì di safire nínú Bíbélì Yorùbá. Ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ẹni tó bá pè é ní sẹ̀gi yóò ti sọ òkúta Ọlọ́run di gíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn atúmọ̀ náà kò rí. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ń pè ní sáfírè, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà lónìí, kì í ṣe koróńdọ̀mù rárá, bí kò ṣe lapis lazuli, òkúta aláwọ̀ aró kíkún tí ìmọ́lẹ̀ kì í là kọjá, tí àmì tó ń dán bíi góòlù sì wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Afghanistan láti ìgbà láéláé. Nítorí náà, bí a bá gbé sẹ̀gi àtijọ́ àti sáfírè tí wọ́n ti gé ní ayé òde òní síwájú òǹkọ̀wé Ẹ́kísódù, ó ṣeé ṣe kí ó na ọwọ́ sí sẹ̀gi.

Àwọn tó wá òkúta náà nínú ilẹ̀ ní tòótọ́ dé lẹ́yìn. Láàárín 1903 sí 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn awádìí kùsà káàkiri Gúúsù Nàìjíríà, ní ìgbà tí Ẹ̀gbá ṣì ní ìjọba tirẹ̀, èyí tí àdéhùn 1893 pẹ̀lú Gómìnà Carter ti fi ọwọ́ sí. Nígbà tí òmìnira yẹn dópin ní 1914, àṣẹ lórí ohun abẹ́ ilẹ̀ bá a lọ. Òfin kùsà ti 1946 fi gbogbo ohun àbùdá ilẹ̀ Nàìjíríà sábẹ́ Adé Gẹ̀ẹ́sì, òfin tó wà lóde láti 2007 sì fi wọ́n sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá nílẹ̀ Ẹ̀gbá tó bá ṣèèṣì hú òkúta iyebíye nínú oko baba rẹ̀ lè gba owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta náà kì í ṣe tirẹ̀ láìní ìwé àṣẹ láti Àbújá.

Ìhà àríwá ni Nàìjíríà ti rí sáfírè. Àwọn onímọ̀ kọ̀wé ní 1987 nípa sáfírè aró àti sáfírè aláwọ̀ ìyeyè láti agbègbè Kàdúná, nígbà tó sì di 2014, GIA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí òkúta iyebíye, gbé àkọsílẹ̀ jáde lórí àwọn sáfírè aró tí wọ́n sọ pé ó wá láti òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, níbi tí òkè oníná ayé àtijọ́ ti fi básáàtì sílẹ̀. Òjò ọdún pípẹ́ ti jẹ básáàtì náà, omi sì ti gbé sáfírè inú rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ odò. Àwọn awakùsà á gbẹ́ kòtò títí wọn yóò fi kan ipele taàrá lábẹ́ amọ̀, wọ́n á bu taàrá náà sínú ajọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ omi, wọ́n á máa yí i po. Iyanrìn á bá omi lọ. Sáfírè, tó fi ìlọ́po mẹ́rin wúwo ju omi tó bá a dọ́gba lọ, á ṣà sí ìsàlẹ̀ àárín ajọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì yí ajọ̀ náà dé lójijì, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè wà lókè. Èyí tó bá rí nínú rẹ̀ kì í dán. Dúdú ni, ó sì máa ń rí gẹ́gẹ́ bí àgbá kékeré onígun mẹ́fà tí odò ti ha.

Ọjà òkúta iyebíye tó sún mọ́ Ẹ̀gbá jù wà ní Òjòó ní Ìbàdàn, tí kò tó 100 kìlómítà sí Abẹ́òkúta. Túmálíìnì, òkúta iyebíye mìíràn tí wọ́n ń wà ní Òkè-Ògùn ní agbègbè bíi Kómu, ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1998, túmálíìnì pupa ìhà Ọ̀yọ́ pọ̀ débi pé ó kún ọjà àgbáyé. Àwọn ọmọ Yorùbá, Hausa àti oníṣòwò láti Mali àti Guinea ló ń pàdé níbẹ̀, sáfírè láti àríwá sì máa ń gba ọwọ́ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lọ sí Thailand, níbi tí wọ́n ti ń gé e, tí orúkọ Nàìjíríà sì sábà máa ń já kúrò lára rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìdámọ̀ ni iṣẹ́ tó le jù nínú òwò yìí. Ohun aró tó wà lórí àtẹ lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: ojúlówó tí ilẹ̀ bí, àfarawé bíi àfọ́kù ìgò, tàbí àtọwọ́dá, èyí tí í ṣe sáfírè ní gbogbo ọ̀nà àfi pé inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dá a. Àfarawé kò le mú. Gíláàsì kì í le ju 6 lọ lórí òṣùwọ̀n tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀, sáfírè sì wà ní 9, tí dáyámọ́ńdì nìkan fi jù ú lọ nínú òṣùwọ̀n náà. Nítorí náà etí gíláàsì á ti kú, á ti rí roboto, nígbà tí ti sáfírè ṣì mú bí abẹ. Gíláàsì tún máa ń ní afẹ́fẹ́ roboto kéékèèké nínú bí omi tó ń hó, kì í sì ní ojú méjì bíi ti sáfírè, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ aró kíkún bí a bá wò ó láti ìhà kan, tó sì ń yí sí aró tó dà bí ewé bí a bá yí i sí ìhà kejì. Ohun tí ẹni tó ń ra sẹ̀gi láyé ọjọ́un ń ṣe pẹ̀lú oòrùn nìyí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó fà á nínú gíláàsì yàtọ̀ sí ohun tó fà á nínú òkúta, ìgò Bídà tó lójú kan kò sì jìnnà sí ìgò orí àtẹ.

Àtọwọ́dá ló ń mú àgbà lu. Auguste Verneuil, ará Faransé, kéde ní 1902 bí a ti lè yọ́ ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn nínú iná kí ó sì dì ní ìkán kọ̀ọ̀kan di rúbì, nígbà tó sì máa fi di nǹkan bí 1910, ó ti ṣe ti aró. Ìwúwo rẹ̀, líle rẹ̀ àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣẹ́ nínú rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ kékeré kan ń kà sí 1.762 títí dé 1.770, bára dọ́gba pẹ̀lú ti ojúlówó. Inú rẹ̀ nìkan ló ń tú u fó: lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ìlà àwọ̀ inú àtọwọ́dá tẹ̀ bí ìlà ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, nígbà tí ìlà àwọ̀ inú ojúlówó gún, tó sì ń ṣẹ́ ní igun gẹ́gẹ́ bí igun mẹ́fà tí òkúta náà fi dàgbà. Nínú ojúlówó ni a tún ti ń rí okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń dábùú ara wọn bí òwú òfì, àbàwọ́n tí kò ta ọjà kù lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí okùn náà bá ti yọ́ di ẹ̀kán ẹ̀kán, iná ti kàn án: wọ́n ti fi ooru tó lé ní 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius sun ún láti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n sábà ń ṣe fún irú sáfírè Nàìjíríà tó ṣú jù. Kò sí èèwọ̀ nínú sísun ún, bí ẹni tó ń tà á bá sọ ọ́.

Ojú nìkan kò tó fún sẹ̀gi mọ́ lónìí. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X ka ohun tó wà nínú nǹkan láìbà á jẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń ya ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ sọ́tọ̀, ohun méjì tí wọ́n sì ń wá nínú rẹ̀ ni ẹfun tó pọ̀ àti alumíníọ̀mù tó pọ̀, irú èyí tí gíláàsì Yúróòpù kì í ní. Ó ṣeé ṣe kí ẹfun náà wá láti ara ìkarawun ìgbín. Ní ti alumíníọ̀mù, ohun tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ni iyanrìn tó bu kúrò lára gíránáìtì, tí fẹ́dísípà pọ̀ nínú rẹ̀, irú àpáta kan náà tó wà lábẹ́ Abẹ́òkúta. Alumíníọ̀mù tí sílíkà kò jẹ́ kó di sáfírè ni àwọn ará Ifẹ̀ yọ́ nínú ìkòkò, tí wọ́n da kóbáàtì sí, tí wọ́n sì fà gbọọrọ di sẹ̀gi.